Ẹ́ńjìnnì tọ́bò fún Lexus IS300 tí kò ní tọ́bò: ìfiwéra ọ̀nà márùn-ún fún awakọ̀ Èkìtì

Nínú àwọn ọkọ̀ asáré tòkúnbọ̀ tí ẹni tí kì í ṣe olówó ńlá ṣì lè rà kó sì máa wà ní Èkìtì, Lexus IS300 tí wọ́n ṣe láàrin ọdún 2001 sí 2005 ni ọ̀rọ̀ tọ́bò, ẹ̀rọ tí èéfín ń yí láti ki afẹ́fẹ́ mọ́ inú ẹ́ńjìnnì, máa ń tètè wọ̀ jù. Ẹ́ńjìnnì 2JZ-GE tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú 2JZ-GTE tó sọ Toyota Supra di olókìkí: sílíńdà mẹ́fà tó tò lẹ́sẹẹsẹ, búlọ́ọ̀kù onírin, lítà mẹ́ta, mílímítà 86 ní fífẹ̀ sílíńdà àti mílímítà 86 ní ìrìn pístínì. Ìbátan yìí ni ó mú kí ó ṣòro láti rí ẹni tó ní IS300 tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kò tíì sọ fún pé kí ó yọ ẹ́ńjìnnì yẹn dànù, kí ó gbé ti Supra sí i.

Ọ̀nà tó wà nílẹ̀ ju ẹyọ kan yẹn lọ. A lè gbé odidi 2JZ-GTE sí i. A lè gbé 1JZ-GTE tó kéré sí i. A lè fi ẹ́ńjìnnì tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ kí a so tọ́bò mọ́ ọn. A lè pa tọ́bò tì kí a gbé ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́jọ ti Lexus LS430 sí i. A sì lè má yọ ohunkóhun rárá. Ẹni tí mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ ìfiwéra yìí ni ẹni tó ń gbé ní Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìjerò tàbí Ìkọ̀lé, tó jẹ́ pé ọkọ̀ kan náà yìí ni yóò gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì rí.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Àtúnṣe ni mo fi ṣáájú. Bí ọkọ̀ bá dákẹ́ láàrin Ìkọ̀lé àti Ọ̀mùò, ta ni yóò tún un ṣe, níbo ni a ó sì ti rí ohun tó bàjẹ́ rà? Mẹkáníìkì tó mọ Camry àti Corolla tinú-tòde pọ̀ ní Adó, àwọn tó sì mọ ẹ́ńjìnnì Lexus dáadáa kò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó ti tú ẹ́ńjìnnì tọ́bò ti Japan palẹ̀ rí, tó sì tún un tò tó fi ṣiṣẹ́, kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tí a ó nílò ni yóò ti ọjà Ládípò ní Mushin wá, yálà a lọ fúnra wa tàbí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí wa nínú ọkọ̀ èrò. Ẹ̀yà tí kò bá sí ní Ládípò, òkè òkun ni yóò ti wá, ọkọ̀ yóò sì wà lórí òkúta títí yóò fi dé.

Epo ló tẹ̀ lé e. Epo kan náà ni ẹ̀rọ gbogbo ilé epo wa ń fà. Kò sí ẹ̀rọ kejì tí a ti lè sanwó díẹ̀ sí i kí a gba epo tó lágbára jù láti má ṣe bú ṣáájú àkókò. Epo tó lágbára yẹn gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe àwọn ẹ́ńjìnnì tọ́bò ti Japan. Iṣẹ́ tọ́bò ni pé kí ó máa ki afẹ́fẹ́ mọ́ inú sílíńdà. Bí afẹ́fẹ́ àti epo bá há mọ́ra jù tí wọ́n sì gbóná jù, epo tó kù ní igun kan lè bú gbàmù kí iná pílọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Pístínì ni yóò jìyà rẹ̀, bí ẹ sì ṣe ń gbọ́ ìró náà tí ẹ kò gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tòtù, ẹ ti ń san owó ẹ́ńjìnnì mìíràn nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni òkè àti ooru. Ẹni tó bá ti gba Aràmọ̀kọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè rí mọ irú òkè tí mo ń wí, níbi tí ọkọ̀ ajágbé ti ń rá pálá níwájú, tí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò máa bá a rá, tí yóò sì ní láti tẹ̀ ẹ́ lójijì nígbà tí àyè bá yọ láti yà á sílẹ̀. Ní irú ibẹ̀, agbára ẹṣin tí wọ́n kọ sínú ìwé kò wúlò tó agbára ìfà, ìyẹn okun tí ẹ́ńjìnnì ní láti fa ọkọ̀ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì máa sáré púpọ̀. Nm ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. IS300 bí ó ṣe ti iléeṣẹ́ wá ní agbára ẹṣin 215 àti nǹkan bí Nm 295. Ẹ fi iye méjèèjì yìí sọ́kàn bí a ó ṣe máa ka ti àwọn yòókù.

Ní ti owó, n kò ní kọ iye náírà kankan, nítorí pé iye tí mo bá kọ lónìí lè ti yí padà kí oṣù tó parí. Èyí tí kì í yí padà ni pé owó ẹ́ńjìnnì kì í ṣe owó iṣẹ́. Gíà, àdìpọ̀ wáyà, bréènì bọ́ọ̀sì tí ń darí ẹ́ńjìnnì, rediétọ̀, pọ́ǹpù epo, sàlẹ́ńsà àti owó rẹ́wáyà, bí a bá kó gbogbo wọn pọ̀, ó sábà máa ń ju owó tí a san fún ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lọ.

2JZ-GTE: èyí tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́

Ọ̀nà méjì ni ẹ́ńjìnnì yìí ń gbà wọ ọjà: èyí tí wọ́n yọ lára Supra, àti èyí tí wọ́n yọ lára Toyota Aristo. Ti Supra wọ́n gógó, orúkọ ni a sì ń san owó rẹ̀ fún. Aristo ni kí ẹ wá. Ọkọ̀ yìí ni wọ́n ń tà ní òkè òkun ní orúkọ Lexus GS, ṣùgbọ́n èyí tó ní tọ́bò kò jáde kúrò ní Japan, gíà ọtọmátíìkì nìkan ni wọ́n sì ṣe fún un. Láti ọdún 1997 ni 2JZ-GTE ti ní VVT-i, ìyẹn ètò tí ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà, agbára ìfà rẹ̀ sì di Nm 451. Ní ti agbára ẹṣin, 280 ni wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀, nítorí pé àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ Japan ti fohùn ṣọ̀kan nígbà náà pé àwọn kò ní kọ ju ìyẹn lọ. Supra tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà ní ẹ́ńjìnnì kan náà ni wọ́n kọ 320 sí lára.

Ìwọ̀n tí pístínì fi ń fún afẹ́fẹ́ ni ó mú kí ẹ́ńjìnnì yìí lè fara da tọ́bò ju ti IS300 lọ. Ti GTE jẹ́ 8.5 sí 1, ti IS300 jẹ́ 10.5 sí 1; bí iye yìí bá ṣe kéré tó ni àyè fún afẹ́fẹ́ tọ́bò ṣe pọ̀ tó. Ní àfikún, ihò kékeré wà ní ìsàlẹ̀ GTE tí ń fín ọ́ìlì sí abẹ́ pístínì kọ̀ọ̀kan láti tù ú lára. Àwọn ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè rí láti òde wọ̀nyí ni ó fa ìyàtọ̀ láàrin ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bí pẹ̀lú tọ́bò àti èyí tí a so tọ́bò mọ́ lẹ́yìn.

Nínú IS300, jíjókòó rẹ̀ kò le. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ ni tọ́bò ń gbé, nígbà tí ọ̀pá sítíárìn ọkọ̀ tiwa wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì, nítorí náà ooru tọ́bò kò ní máa sun ọ̀pá sítíárìn. Ó sábà máa ń jẹ́ dandan láti yọ páànù ọ́ìlì IS300 àti ọ̀pá tí ń fa ọ́ìlì inú rẹ̀ sí ara ẹ́ńjìnnì tuntun, pàápàá bí ó bá jẹ́ ti Supra, kí ó má baà gbé orí irin ìdábùú tó wà nísàlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì gé irin ìdábùú náà; òun ni ó di ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ mú.

Wáyà ni wàhálà rẹ̀. Àwọn tó ń tú ẹ́ńjìnnì kúrò lára ọkọ̀ ní òkè òkun kì í fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì máa ń gé àdìpọ̀ wáyà níbi tí ọwọ́ wọn bá bà á. Rẹ́wáyà tó bá gba irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ yóò máa fi ojú wá wáyà tó ju ọgọ́rùn-ún lọ, èyí tí ó bá sì so pọ̀ mọ́ ibi tí kò yẹ kò ní hàn lọ́jọ́ náà, bí kò ṣe ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Géèjì inú ọkọ̀, ABS, gíà ọtọmátíìkì àti tòtù ni bréènì bọ́ọ̀sì IS300 ń bá sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà. Tí a bá fi ti Aristo rọ́pò rẹ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ mọ bí a ó ṣe mú kí àwọn yòókù gbọ́ èdè rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ẹni tó bá fẹ́ 2JZ-GTE gbọ́dọ̀ ra gbogbo rẹ̀ pọ̀: ẹ́ńjìnnì, gíà, àdìpọ̀ wáyà tí ẹnikẹ́ni kò gé pẹ̀lú gbogbo ẹnu rẹ̀, bréènì bọ́ọ̀sì, íńtakúlà (rediétọ̀ tí ń tu afẹ́fẹ́ tọ́bò lára) àti pọ́ǹpù epo, láti ara ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ́ńjìnnì lásán tí kò wọ́n ní Ládípò máa ń di ohun ọ̀wọ́n tó bá dé Adó.

Ohun kan kù nípa rẹ̀. Tọ́bò méjì tó ní kì í ṣiṣẹ́ pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èkínní ń jí, èkejì ń tẹ̀ lé e nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá sáré sí i, àwọn ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín tí afẹ́fẹ́ ń gbà ni ó sì ń darí wọn. Rọ́bà tó ti lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti gan, ooru tiwa yóò sì parí iṣẹ́ náà. Ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì wà nílẹ̀, nítorí pé tó bá ti wọ inú ọkọ̀ tán, ọwọ́ kò ní dé ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́.

1JZ-GTE: àbúrò tó gbọ́n

Lítà méjì ààbọ̀ ni èyí, láti ara Toyota Chaser, Mark II àti Soarer. Oríṣi méjì ni ó wà, ìyàtọ̀ àárín wọn sì tó ohun tí a lè torí rẹ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe láti 1990 ní tọ́bò kékeré méjì, àwo inú wọn tí èéfín ń yí sì jẹ́ ti amọ̀ sísun tó le. Bí a bá fún un ní afẹ́fẹ́ ju bó ti yẹ lọ, tàbí tí ó bá gbóná jù, ó máa ń fọ́. Èyí tó jáde láti 1996 ní VVT-i àti tọ́bò kan ṣoṣo, agbára ẹṣin 280 náà ni wọ́n kọ sí i lára, ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí ìgbà 2,400 ní ìṣẹ́jú kan ni agbára ìfà rẹ̀ ti dé Nm 378. Ti àkọ́kọ́ ní láti dé 4,800 kí ó tó lo gbogbo agbára ìfà tirẹ̀, agbára ìfà náà kò sì tó Nm 378.

Ní orí òkè Ẹ̀fọ̀n, ìyàtọ̀ 2,400 sí 4,800 ju ìyàtọ̀ orúkọ lọ. Ẹni tó bá wa ti àtijọ́ yóò máa dúró kí tọ́bò jí lẹ́yìn ọkọ̀ ajágbé; ti VVT-i ti jí kí ẹsẹ̀ tó tẹ tòtù tán. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ 1JZ, VVT-i nìkan ni kí ẹ rà, kódà bí owó ti àkọ́kọ́ bá wọ ojú yín.

Owó rẹ̀ sábà máa ń kéré sí ti 2JZ-GTE, búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kò sì ga tó ti 2JZ, nítorí náà àyè gbà á dáadáa lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì IS300. Ẹni tó bá fẹ́ gíà ọlọ́wọ́ lè rí R154 pẹ̀lú rẹ̀, èyí tó lágbára ju W55 tó wà nínú àwọn IS300 ọlọ́wọ́ lọ. Wàhálà wáyà rẹ̀ kò kéré sí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbogbo ohun tí mo sì sọ nípa ríra odidi nǹkan láti ara ọkọ̀ kan ṣoṣo kan òun náà.

Síso tọ́bò mọ́ ẹ́ńjìnnì tó wà nílẹ̀

Ọ̀nà yìí ni ó dà bí ẹni pé kò gbówó lórí jù, òun sì ni mo bẹ̀rù jù. A ó ra tọ́bò, páìpù rẹ̀ àti íńtakúlà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wẹ́ídà yóò so ó, ọkọ̀ yóò sì máa súfèé. Ẹ́ńjìnnì náà yóò máa fún afẹ́fẹ́ ní 10.5 sí 1 bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, a ó sì tún máa ki afẹ́fẹ́ mọ́ ọn lórí epo kan náà tí mo ti sọ. Àwọn ọ̀pá tó so pístínì mọ́ kíráǹkì nínú 2JZ-GE tó ní VVT-i kò sì lágbára tó ti GTE.

Ó ṣeé ṣe, mo gbà. Bí a bá fi ìwọ̀n afẹ́fẹ́ mọ sí pọ́ǹdù 5 tàbí 6, tí a fi nọ́súlù ńlá sí i, pọ́ǹpù epo tó lágbára, kọ̀ǹpútà mìíràn tí ń darí ẹ́ńjìnnì, tí a lè tò fúnra wa, tí ẹni tó mọṣẹ́ sì fi ẹ̀rọ tí ń wọn èéfín tò ó díẹ̀díẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà lè pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà: nọ́súlù, pọ́ǹpù, kọ̀ǹpútà, ẹni tó mọṣẹ́. Ibẹ̀ ni owó tí a rò pé a fi pamọ́ ti jáde. Ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà yẹn tò kì í sábà wà nítòsí wa, a ó gbé ọkọ̀ lọ bá a ní Èkó, ojú ọjọ́ tí ó sì fi tò ó kọ́ ni yóò máa wà níhìn-ín: afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ní òwúrọ̀ oṣù Kìíní yàtọ̀ pátápátá sí ooru ọ̀sán oṣù Kẹta. Àwọn tó ń fo kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń so tọ́bò nìkan kí wọ́n sì máa gbàdúrà, ni wọ́n sọ ọ̀nà yìí di ẹni orúkọ burúkú.

3UZ-FE: sílíńdà mẹ́jọ láìsí tọ́bò

Ẹni tó bá ka àkọlé yìí lè bi mí pé kí ni ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò ń wá níbí. Ohun tó gbé e wọlé ni pé agbára ìfà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń wá nígbà tí a bá ń sọ pé tọ́bò ni a fẹ́. 3UZ-FE ti LS430 àti GS430 jẹ́ lítà 4.3; ti LS430 ní agbára ẹṣin 290 àti Nm 434 nígbà tí ó bá ń yí ìgbà 3,400 ní ìṣẹ́jú kan. Èyí ju ti 1JZ lọ ní ti ìfà, ó sì sún mọ́ ti 2JZ-GTE, láìsí tọ́bò, láìsí íńtakúlà, láìsí ọ̀pá rọ́bà kankan tí ń gan.

Àǹfààní rẹ̀ ní ìlú wa hàn gbangba. LS430 àti GS430 tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà ń rìn ní títì wa, sítíárìn wọn wà ní òsì bíi ti IS300, ẹ̀yà wọn wà ní Ládípò, mẹkáníìkì Lexus tó mọ̀ wọ́n sì wà. Búlọ́ọ̀kù rẹ̀ jẹ́ alumíníọ́mù, nítorí náà sílíńdà méjì tó fi pọ̀ sí i kò mú kí iwájú ọkọ̀ wúwo bí a ṣe lè rò. Gíà A650E tó wà nínú IS300 ọtọmátíìkì ni wọ́n lò fún GS430 àti LS430 àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ibi tí gíà ti pàdé ẹ́ńjìnnì kò dọ́gba, nítorí náà ẹ ra ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú gíà tirẹ̀.

Aburú rẹ̀ wà nínú jíjókòó. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni èéfín ti ń jáde lára rẹ̀, ti òsì sì kọjú sí ọ̀pá sítíárìn gan-an. Wẹ́ídà tó mọ ohun tó ń ṣe gbọ́dọ̀ ṣe páìpù ibẹ̀ ní àkànṣe, kí ó sì ṣe síìtì ẹ́ńjìnnì tuntun. Ó sì ń mu epo. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọjọ́ ọjà ní Adó, yóò mu ju gbogbo àwọn tó kù lọ, àṣírí rẹ̀ kò sì ṣeé bò.

Má yọ ọ́, tàbí kí o tà á

Ọ̀pọ̀ IS300 tí ń rìn kiri báyìí kò ní agbára ẹṣin 215 yẹn mọ́. Ẹ pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì àti kọ́ọ̀lù tó ti rẹ̀, ẹ fọ nọ́súlù, ẹ wo bóyá sàlẹ́ńsà ti dí, ẹ yí ọ́ìlì gíà, kí ẹ tó pinnu pé ẹ́ńjìnnì náà kò lágbára. Ẹ wo bẹ́líìtì tàmíìn pẹ̀lú, nítorí pé bí ó bá já nínú 2JZ-GE oní-VVT-i, fáàfù àti pístínì yóò kọlu ara wọn. Iṣẹ́ yìí kò tó ìdá mẹ́wàá owó tí a ó ná sórí pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì.

Bí ó bá jẹ́ pé tọ́bò ni ọkàn fẹ́ dandan, títà á kí a ra ọkọ̀ tí iléeṣẹ́ ti gbé tọ́bò sí kì í ṣe ìtìjú. Mercedes-Benz C300 tó jáde láti 2015 ní lítà méjì pẹ̀lú tọ́bò, agbára ẹṣin 241 àti Nm 370, gbogbo wáyà rẹ̀ sì wà níbi tí iléeṣẹ́ fi í sí.

Kí owó tó jáde

Bí ẹ bá dé iwájú ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ ní ọjà, ẹ ṣí ìdérí ibi tí à ń da ọ́ìlì sí, kí ẹ fi ìka nu inú rẹ̀. Bí ohun funfun tó dà bí ògì bá lẹ̀ mọ́ ìka, omi ti wọ inú ọ́ìlì, ẹ máa lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tú rọ́bà ẹnu tọ́bò, ẹ ki ìka méjì bọ inú rẹ̀, kí ẹ di orí ọ̀pá àárín mú. Ẹ mì í sí ọ̀tún àti òsì. Ìmìtìtì díẹ̀ kò burú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Ẹ wá fà á síwá, kí ẹ tì í padà. Bí ó bá ń wọlé tó ń jáde, tàbí tí ẹ rí i pé etí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti ha ara ilé tó wà, tọ́bò náà ti kú, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú iye tí ẹ ó san. Ẹ wo inú páìpù tó jáde láti ara rẹ̀ pẹ̀lú: ọ̀rinrin ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò ní nǹkan ṣe, ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó dúró bí adágún ní nǹkan ṣe.

Ẹ sọ fún olùtajà pé ẹ fẹ́ wọn ìfúnpá sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bátìrì, sítátà àti géèjì kékeré kan ti tó. Iye tó jáde kò ṣe pàtàkì tó kí gbogbo wọn sún mọ́ ara wọn. Bí ọ̀kan bá dá yàtọ̀ sí àwọn yòókù, ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Olùtajà tí kò bá gbà kí a wọ̀n ọ́n ti dáhùn ìbéèrè náà. Kí ẹ́ńjìnnì tó wọ inú ọkọ̀, ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì tàmíìn, pọ́ǹpù omi àti gbogbo rọ́bà tí ń dí ọ́ìlì mú, láìka ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ nípa iye kìlómítà tó ti rìn. Nǹkan bí kìlómítà 100,000 ni bẹ́líìtì àwọn JZ yìí wà fún, kò sì sí ẹni tó mọ iye tí èyí tó wà níwájú yín ti lò.

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì tí ẹ kò sì jẹ́ kí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ ṣe àtúnṣe rẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹnìkan bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yín lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ńlá yóò sì ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ta ọkọ̀ náà. Ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì náà. Èyí tí wọ́n ti ha nọ́ńbà ara rẹ̀ kúrò, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Ẹ fi owó sílẹ̀ fún bíréèkì àti táyà. Ọkọ̀ tó bá gun òkè Ẹ̀fọ̀n kíákíá ni yóò tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára táyà ni ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019, ọ̀pọ̀ táyà tòkúnbọ̀ tó dúdú minijọ̀ ni kò sì ní fẹ́ kí a kà á.

Ta ni kí ó mú èwo

Ẹni tí IS300 jẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ní, tó ń gbé ọmọ lọ sí iléèwé lójoojúmọ́, kí ó fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀, kí ó ṣe àtúnṣe tí mo kà sílẹ̀. Bí tọ́bò bá ṣì ń dà á láàmú lẹ́yìn náà, kí ó tà á, kí ó ra èyí tí iléeṣẹ́ ṣe.

Ẹni tí ìrìn rẹ̀ pọ̀ lórí òkè, láti Adó sí Ẹ̀fọ̀n tàbí Ìkọ̀gòsì, tí iye epo kò bà lẹ́rù, tó sì fẹ́ kí mẹkáníìkì tó wà nítòsí lè fọwọ́ sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí ó gbé 3UZ-FE. Èmi fúnra mi ka èyí sí ìdáhùn tó bá Èkìtì mu jù fún ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì dandan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ yóò bínú sí mi.

Ẹni tó ní ọkọ̀ mìíràn fún iṣẹ́, tí owó rẹ̀ kò pọ̀ jọjọ, tó sì fẹ́ gbọ́ ìró tọ́bò, kí ó mú 1JZ-GTE oní-VVT-i. Ẹni tó ní owó, tó ní sùúrù, tó sì ti rí odidi ti Aristo pẹ̀lú wáyà tí ẹnikẹ́ni kò gé, kí ó mú 2JZ-GTE. Bí ó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì lásán ni ó rí, kí ó padà sí 1JZ tó pé. Síso tọ́bò mọ́ 2JZ-GE, n kò rí ẹni tí mo lè gbà níyànjú láti ṣe é níhìn-ín, àfi ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì tò fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá sì mú èyíkéyìí nínú àwọn tọ́bò, kí ó máa jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lẹ́yìn tó bá ti gun òkè dé ibi tó ń lọ, kí ó tó pa á. Ọ́ìlì tó bá dúró lójijì sínú tọ́bò tó gbóná yóò jóná mọ́ ọn lára, a ó sì tún máa wá tọ́bò mìíràn kiri ní Ládípò.